Àgádágodo Evald

Aago mẹ́ta òru ní Luleå. Òkun ti di ilẹ̀,
mọ́tò ń gba orí omi kọjá, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.
Sigbritt Nordmark wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn,
ó ń ka ojú ìwé kan náà tó ti ń kà láti ìrọ̀lẹ́:
ibi tí ekùrọ́ ẹ̀rọ ti ń pín àgádágodo
fún àwọn ètò tó fẹ́ kọ̀wé sínú fáìlì kan ṣoṣo.

Ekùrọ́ ni mo pè é, ẹ má bínú.
Inú èèpo líle ló ń gbé, ojú kì í tó o,
òun ló sì mọ ẹni tí yóò wọlé, ẹni tí yóò dúró.
Ètò kan á dé, á ní: "Mo fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀
dé ibi kẹrìnlélọ́gọ́ta."
Bí ẹlòmíràn bá ti wà níbẹ̀, ekùrọ́ á ní kí àlejò lọ sùn.
Kì í ṣe oorun àsùnpiyè o.
Oorun ẹni tó tò sí ìlà ni, a ó jí i bó bá kàn án.

Ohun tó gba oorun lójú Sigbritt kéré:
ètò kan gba ẹnu ọ̀nà méjì wọ fáìlì kan náà,
ó ti àgádágodo, ó jókòó, ó ń kọ̀wé.
Ó wá pa ilẹ̀kùn kejì dé, èyí tí kò lò mọ́,
àgádágodo sì já bọ́ lára ti àkọ́kọ́,
láìdún.
Ó ṣì ń kọ̀wé bí onílé.
Ẹlòmíràn ti wọlé, ó ń kọ tirẹ̀ lé e lórí.
Àwọn tó ṣòfin yìí ti fẹ̀yìn tì. A ò lè yí i padà,
àìmọye ilé la ti kọ́ lé orí àṣìṣe náà.

Ó gbé agbọ̀n aṣọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé.
Pátákó wà lára ògiri, ọjọ́ àti wákàtí wà lára pátákó,
ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní àgádágodo kékeré tirẹ̀.
Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́: nọ́ńbà mẹ́rìnlá.
Evald Brännström. Ó kú ní oṣù Bélú.
Gunvor ọmọ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, Kiruna ló ń gbé.
Ture tó ń tọ́jú ilé ní ẹ̀mú,
ẹ̀mú náà wà lórí ìṣó, Ture ò gbé e.

Nínú ẹ̀rọ, òkú kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ alààyè.
Ètò á kú, kí ojú tó ṣẹ́,
ekùrọ́ á tú gbogbo ohun tó dì mú, á jí ẹni tó kàn.
Wọ́n ní ekùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà.
Èyí kì í báni kú. Á sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà,
á gba kọ́kọ́rọ́, á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó rántí ọjọ́ kan: Evald di yàrá ìsáṣọ mú,
ó ń dúró de ẹ̀rọ ìfọṣọ;
òun náà di ẹ̀rọ ìfọṣọ mú, ó ń dúró de yàrá ìsáṣọ.
Aṣọ tútù ń kán sílẹ̀ láàárín wọn.
Ekùrọ́ ìbá ti rí òbìrìkítí náà, ìbá ti sọ fún ẹni tó dé kẹ́yìn pé:
padà, bí o bá dúró, a ó dúró títí.
Sigbritt ló dé kẹ́yìn.
Evald ló padà. Ó ní tẹ́lifíṣọ̀n ń pe òun.

Ó fọwọ́ kan àgádágodo náà. Ó tutù.
Ó fọ aṣọ rẹ̀ láìti nǹkan kan, ta ni yóò bá a du aago mẹ́rin òru?
Nígbà tó gòkè, ó fi ìlà kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn:
Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń pa ilẹ̀kùn kejì.

Ní Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́fà dé aago méje,
ẹ̀rọ ìfọṣọ ò dún.